Èémí Yueh-chiao àti Ọkọ̀ Akólẹ̀

Ní àdúgbò wa ní Keelung, ìlú èbúté kan, orin ni ọkọ̀ akólẹ̀ fi ń pe èèyàn. Bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá ti kọjá díẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ ọ bọ̀ láti apá ọjà ẹja. Ẹni tó ń dín nǹkan á pa iná, ẹni tó wà nílé ìwẹ̀ á sáré wọ ẹ̀wù rẹ̀ ní òdì, kálukú á gbé báàgì ìdọ̀tí rẹ̀, ó di ìta. A kì í kó ìdọ̀tí sílẹ̀ de ọkọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ bá fi sílẹ̀, òun àti eegun ẹja rẹ̀ ni wọ́n á jọ sùn mọ́jú.

Yueh-chiao ni ọkọ̀ yìí ń fi sílẹ̀ jù. Àjà karùn-ún ló ń gbé, ilé náà ò sì ní ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, télọ̀ ni. Ó ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kúrú, ó ń pààrọ̀ síìpù, ó ń tú ìbàdí yúnífọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ iléèwé tó ti sanra. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó jẹ́ pé ohun tó ń rìn jù lára rẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀tún tó fi ń tẹ ẹ̀rọ.

Ìsọ̀kalẹ̀ kì í ṣe ìṣòro rẹ̀. Gígùn ló ń fìyà jẹ ẹ́. Tó bá ti dé àjà kẹta, á jókòó sórí àtẹ̀gùn, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, tí ẹnì kan bá sì ń kọjá, á ní lẹ́tà lòun ń kà. Gbogbo ará ilé ló mọ̀ pé kò sí lẹ́tà kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún tí wọ́n máa ń fi ọkọ̀ ojú omi díje, tí òórùn ìrẹsì tí wọ́n sè sínú ewé oparun gba gbogbo ilé, Tsung-yi, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wá kí i láti Taoyuan. Orí àtẹ̀gùn àjà kẹta yìí ló bá a.

"Màámi, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Mo ń ka lẹ́tà."

"Lẹ́tà ọ̀hún dà?"

Tsung-yi jókòó tì í, ó gba báàgì ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màámi, ẹ gbọ́. Ilé wa ní Taoyuan, ẹ̀rọ ló ń gbé wa ròkè níbẹ̀. Yàrá kan sì ṣófo. Dókítà ti sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, pé ọkàn yín ò lágbára. Tẹ́ ẹ bá lọ ṣubú lórí àtẹ̀gùn yìí, ta ló máa gbọ́? Tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọdún tuntun dé, màá gbé mọ́tò wá, màá wá kó yín."

"Ta ló máa wá máa báwọn èèyàn gé ṣòkòtò?"

"Ṣòkòtò wà ní Taoyuan, Màámi."

Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyá rẹ̀ náà sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún gan-an. Inú ilé tó ń gbé yìí lọkọ rẹ̀ kú sí. Láti ojú fèrèsé rẹ̀ ló ti ń wo ọkọ̀ ojú omi tó ń wọ èbúté, àbúrò rẹ̀ A-Tao sì ń gbé ní àjà kejì. Ní Taoyuan, kò mọ ẹnì kankan yàtọ̀ sí ìyàwó ọmọ rẹ̀, ìyẹn sì rèé, kì í fi iyọ̀ sọ́bẹ̀.

"Tí mo bá wá ń gùn ún dókè láìjókòó nígbà yẹn ńkọ́?"

Tsung-yi rẹ́rìn-ín. "Tẹ́ ẹ bá gùn ún láìjókòó, ẹ ò ní gbọ́ Taoyuan lẹ́nu mi mọ́."

Ó sọ ọ́ bí ìgbà téèyàn ń fi súìtì tan ọmọdé. Yueh-chiao ò gbà á bẹ́ẹ̀ rárá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ kan ilẹ̀kùn A-Tao. A-Tao náà ò sàn jù ú lọ nígbà yẹn. Ibùdókọ̀ ló ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, orí àga ló ń wà látàárọ̀, tó bá sì délé, orí àga náà ni. Àwọn méjèèjì lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìlera àdúgbò, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn obìnrin tí kì í ṣe eré ìdárayá jọ. Nọ́ọ̀sì Kuo ló ń bójú tó wọn. Ó wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ó fi tépù wọn ìbàdí wọn, ó wá ní kí wọ́n máa gun àpótí igi kan, kí wọ́n tún máa sọ̀ kalẹ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù lẹ́yìn rẹ̀, èyí ló fi mọ bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣe lágbára tó. Gbogbo rẹ̀ ló kọ sínú káàdì fún oníkálukú.

"Ọ̀sẹ̀ méjìlá la máa fi bẹ̀rẹ̀," Nọ́ọ̀sì Kuo wí. "Ìrìn kíákíá ni o, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Kó jẹ́ ìrìn tẹ́ ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ò ní lè kọrin."

"Ẹ̀gbọ́n mi ò lè kọrin tẹ́lẹ̀ náà," A-Tao wí.

Wọ́n rìn. Òjò Keelung kì í gbẹ̀bẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń gba abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn ṣọ́ọ̀bù, láti ọjà ẹja dé ìdí afárá, kí wọ́n tún padà. Ọjọ́ kan náà, ọ̀nà kan náà, ẹsẹ̀ kan náà. Ọjọ́ tó bá sú ọ̀kan, èkejì á fà á jáde. Yueh-chiao ò pa ọjọ́ kan ṣoṣo jẹ.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjìlá pé, wọ́n tún lọ gun àpótí. Nọ́ọ̀sì Kuo ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Taipei. Akọ̀wé kan ló bá wọn kọ gbogbo rẹ̀ sínú káàdì, kò sì ṣàlàyé nǹkan kan. Agbára ọkàn A-Tao ti fò sókè, ó ti kúrò níbi tí wọ́n kọ "kò dára" sí, ó ti bọ́ síbi "ó dára." Ti Yueh-chiao fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan.

Yueh-chiao wo káàdì náà lóòró, ó wò ó níbùú.

"Bóyá wọ́n kà á ṣì," A-Tao wí.

"Wọn ò ṣì í kà. Ìwọ náà rí ara rẹ lánàá, ńṣe lo gun àtẹ̀gùn bí ewúrẹ́. Èmi ṣì ń ka lẹ́tà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó jowú àbúrò rẹ̀. Ikùn kan ló bí wọn, ọ̀nà kan ni wọ́n jọ rìn, ọ̀kan rí gbà, èkejì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ta ni irú ẹ̀ ò ní dùn?

Inú ìbànújẹ́ yìí ni Ìyáàfin Lo bá a. Ìyáàfin Lo ní ṣọ́ọ̀bù ìṣaralóge kan nísàlẹ̀ ilé, ó sì máa ń ta oríṣiríṣi nǹkan tí wọ́n bá ní kó bá àwọn tà. Ó mú ike tín-ín-rín kan wá, ó ní kí Yueh-chiao tutọ́ sí i, kí wọ́n lè fi yẹ ohun tó jogún nínú ara rẹ̀ wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó mú ìwé dídán kan bọ̀, tí wọ́n fi pupa kọ nǹkan sí.

"Àǹtí, ẹ̀bi yín kọ́. Àbùdá yín ni," Ìyáàfin Lo wí. "Ara kan wà tí kì í gba eré ìdárayá. Ẹ báà fẹsẹ̀ rìn dé Kaohsiung, kò ní gbọ́. Irú ara yín nìyẹn, ó wà nínú ìwé. Àmọ́ wọ́n ti ṣe ìyẹ̀fun kan fún irú yín. Omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ pò ó mọ́, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó máa ṣiṣẹ́ tí ẹsẹ̀ ì bá ṣe."

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ náà tu Yueh-chiao lára. Ó dùn mọ́ èèyàn láti gbọ́ pé òun ò jẹ̀bi. Ó so okùn bàtà ìrìn rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó gbé e sẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń po ìyẹ̀fun. Tí A-Tao bá kanlẹ̀kùn, Yueh-chiao á ní, "Máa lọ. Ara tìẹ ló gbà á."

Oṣù kan lé díẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Yueh-chiao di yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé bí ogún mọ́ra, ó ń gùn bọ̀. Àjà kejì péré ló dé tí ojú rẹ̀ fi ṣú. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà àbúrò rẹ̀, ó di irin àtẹ̀gùn mú. A-Tao, tí kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣílẹ̀kùn, ó wò ó títí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àjà kẹta lẹ ti ń ka lẹ́tà tẹ́lẹ̀. Kí ló sọ lẹ́tà kalẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà mi?"

Yueh-chiao fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló jáde lójú rẹ̀. "Tsung-yi máa kó mi lọ, A-Tao. Ó máa kó mi lọ lóòótọ́."

"Kò tíì kó yín. Ẹ dìde."

A-Tao sáré gòkè lọ kó ìwé, agolo ìyẹ̀fun àti káàdì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì mú un lọ sílé ìlera tààrà. Dókítà kọ́kọ́ yẹ ọkàn rẹ̀ wò, ó ní kò sí ewu níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ló tún ti gòkè. Nígbà náà ni Nọ́ọ̀sì Kuo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Yueh-chiao to ìwé dídán, agolo ìyẹ̀fun àti káàdì sórí tábìlì.

Nọ́ọ̀sì Kuo ka ìwé náà tán, ó bojú wòkè. "Ṣé torí èyí lẹ ṣe jókòó?"

"Wọ́n ní àbùdá mi ò gba eré ìdárayá."

"Òótọ́ kékeré kan ni wọ́n fi bo irọ́ ńlá mọ́lẹ̀, Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká mú òótọ́ ibẹ̀ kúrò ná. Iṣẹ́ wo ni bàbá yín ṣe?"

"Alábàárù ni ní èbúté. Ó ń rẹrù títí tó fi pé àádọ́rin ọdún."

"Ìyá yín ńkọ́?"

"Tí ìyá wa bá gbé agbọ̀n ẹja láti ìsàlẹ̀ dé òkè ọ̀nà, ó ti di kó mí hẹlẹ nìyẹn."

"Ó dáa. Lára àwọn méjèèjì lẹ ti jogún bí ọkàn àti iṣan yín ṣe rí, ẹ̀yin àti Àǹtí A-Tao. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ jogún kì í ṣe ohun kan náà, bẹ́ ẹ tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ìrìn kan náà gbé ẹnì kan sókè gan-an, kó sì gbé ẹlòmíì díẹ̀ bíńtín. Òótọ́ nìyẹn."

"A-Tao ló kó ogún bàbá wa lọ nìyẹn," Yueh-chiao wí.

"Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi tẹ́ ẹ bá lè gbà á," A-Tao dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì Kuo rẹ́rìn-ín. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń pinnu rẹ̀ nínú ara pọ̀ gan-an, kékeré kékeré ni wọ́n, kì í ṣe ẹyọ kan. Oorun, oúnjẹ, ọjọ́ orí, bí èèyàn ṣe ń rìn, gbogbo rẹ̀ ló tún ń dá sí i. Títí di òní, kò tíì sí itọ́ tí wọ́n máa yẹ̀ wò tí wọ́n á fi lè sọ pé eré ìdárayá ò ní ṣiṣẹ́ lára yín láéláé. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ ta nǹkan fún yín ni. Àǹtí, télọ̀ ni yín. Tí ẹ bá ń lọ aṣọ, tí ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti nà."

"Tó bá wá jẹ́ kakí ńkọ́?"

"Kakí lóríkunkun. Mo máa wọ́n omi sí i, mo máa fi kún iná, mo máa lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ẹ kì í gbé e fún oníbàárà ní híhunjọ, kẹ́ ẹ ní kakí ò gba áyọ́ọ̀nù?"

"Ẹ ń sọ pé èmi ni kakí."

"Kakí gidi ni yín. Iná yín ló yẹ ká fi kún." Ó fi ìka tọ́ káàdì. "Kẹ́ ẹ sì tún wo ibòmíì. Ìlà kan ṣoṣo lẹ tẹjú mọ́ níbí. Nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru yín jẹ́ 152. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, ó ti wálẹ̀ sí 139. Ìbàdí yín fi ìka méjì dín. Báwo lẹ ṣe ń sùn nígbà yẹn?"

"Bí òkúta."

"Àbí ẹ ò rí i. Ara yín gbà á, ó kàn gbà á sí ibi tẹ́ ò wò ni. Lónìí tẹ́ ẹ ti fi ìyẹ̀fun rọ́pò ìrìn, ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti padà sí 150. A ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n pò sínú rẹ̀. Ẹ fi agolo yẹn sílẹ̀ fún wa níbí."

Wọ́n wá jọ ṣètò tuntun. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó rìn jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀ dípò ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí ó sì máa yára gan-an fún ìṣẹ́jú kan láàárín ìrìn, kó dẹwọ́ fún ìṣẹ́jú méjì, kó tún yára. Tí àyà bá dùn ún tàbí tí ojú bá ń ṣú u, kó dúró, kó padà wá.

"N kì í mọ ìgbà tí ìṣẹ́jú kan bá pé," Yueh-chiao ṣàròyé.

"Ṣé ọkọ̀ akólẹ̀ ń dúró lẹ́ẹ̀mẹta ládùúgbò yín?"

"Iwájú ilé wa, ìdí igi ńlá, ìdí afárá."

"Ẹ má ju báàgì yín síwájú ilé mọ́. Ìdí afárá ni kẹ́ ẹ ti jù ú. Tí ọkọ̀ bá ń lọ, ẹ yára tẹ̀ lé e. Tó bá dúró, ẹ̀yin náà ẹ dẹwọ́."

Bí àdúgbò wa ṣe rí ohun tí yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ̀ bá jáde, ẹ ó rí Yueh-chiao nínú aṣọ òjò aláwọ̀ osùn, báàgì kan lọ́wọ́ ọ̀tún, báàgì bàbá àgbàlagbà àjà kẹrin lọ́wọ́ òsì, ó ń lé ọkọ̀ akólẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù ẹja á ní, "Àǹtí, wọ́n ti kọjá níwájú ilé yín o!" Yueh-chiao á ní, "Mo mọ̀. Mo fẹ́ sìn wọ́n dé ọ̀nà ni." Awakọ̀ gan-an mọ̀ ọ́n, á máa wo dígí bóyá ó ń bọ̀. A-Tao ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fi ibì kan mí hẹlẹ, ìyẹn sì ń bí Yueh-chiao nínú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ló fi ṣe é. Nígbà tó tún gun àpótí, agbára ọkàn rẹ̀ ti gòkè. Kò gòkè tó ti A-Tao, bóyá ni yóò sì tó o láé. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jẹ́ 136. Ó mú káàdì náà relé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọkọ rẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọdún tuntun dé. Gbogbo ilé ń fọ fèrèsé, wọ́n ń da ẹrù àtijọ́ nù. Tsung-yi dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó gbé páálí mẹ́jọ tó ká pẹlẹbẹ gun òkè. Nígbà tó wọlé, ó ń làágùn.

"Màámi, mo ti gbé páálí wá."

"Mo rí wọn. Kú ọ̀nà." Orin ti ń bọ̀ láti apá ọjà ẹja. "Bá mi gbé báàgì méjì yẹn."

Nígbà tí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀, ọkọ̀ ti ṣí kúrò níwájú ilé.

"Ó ti lọ," Tsung-yi wí. "Ẹ jẹ́ ká padà."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó ti lọ?"

Kó tó dá a lóhùn, aṣọ òjò aláwọ̀ osùn ti ń lọ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tsung-yi, tó jẹ́ pé iwájú kọ̀ǹpútà ló ń jókòó sí látàárọ̀, ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, báàgì ń lù ú lẹ́sẹ̀. Wọ́n bá ọkọ̀ ní ìdí afárá. Wọ́n ju báàgì sí i. Yueh-chiao kí awakọ̀, ó yí padà, ó kọrí sílé.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ní àjà kejì, A-Tao ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ó ń fi aṣọ nu férémù tó mọ́ tẹ́lẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Yueh-chiao kọjá. Ó kọjá àjà kẹta, kò tiẹ̀ wo ibi tó máa ń jókòó sí. Èémí rẹ̀ ń yára, àyà rẹ̀ ń lù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró. Nígbà tó dé àjà kẹrin, ó ṣàkíyèsí pé òun ò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kankan lẹ́yìn. Ó tẹ̀ síwájú, ó parí àjà karùn-ún, ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kó tó wá bẹjú wòsàlẹ̀.

"Tsung-yi, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Kò kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan kan àyàfi èémí ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ohùn ọmọ rẹ̀ wá dún láti àjà kẹta.

"Mo ń ka lẹ́tà, Màámi."

Ẹ̀rín A-Tao ló gba gbogbo ilé. Yueh-chiao jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, òun àti ọmọ rẹ̀ gbé páálí mẹ́rin mẹ́rin sọ̀ kalẹ̀ fún àwọn tó ń kó pépà. Kí Tsung-yi tó lọ, wọ́n ti ní kó lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìlera Taoyuan.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àǹtí wa tí iṣẹ́ fi orí àga há mọ́, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ara ò rí bákan náà, àbùdá sì wà lára ohun tó fà á. Tí ẹ bá jọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan, tó sì yá a ju yín lọ, ẹ má torí ẹ̀ jókòó. Ẹ fi ọjọ́ kan kún un, ẹ fi ìyára kún un díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti ìbàdí yín pẹ̀lú, torí ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni èrè yín wà. Ẹ má ra ìyẹ̀fun lọ́wọ́ ẹni tó bá ní itọ́ yín sọ pé ẹ má rìn mọ́. Tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe eré ìdárayá, tàbí tẹ́ ẹ ní àìsàn lára, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò. Àyà tó ń dunni àti ojú tó ń ṣú kì í ṣe ohun tí à ń fara dà.

Tó bá sì rẹ̀ yín lórí àtẹ̀gùn, ẹ jókòó kẹ́ ẹ sinmi, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ kàn má sọ fún wa pé lẹ́tà lẹ ń kà.